Àgbọn ní Òsì àti Ìlọ́fà: Orúkọ Àtijọ́, Igi Àjèjì, àti Iye Èso Tí Ó Ń So

Ìfáárà

Àríyànjiyàn kan ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Ní ọjọ́ kan, àwa olùkọ́ Yorùbá mẹ́rin jókòó ti ìwé ìdánwò àṣewò àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá. Orí ọ̀rọ̀ tí púpọ̀ nínú wọn mú ni "Igi kan tí ó wúlò ní ìlú mi." Ọmọbìnrin kan tí ilé wọn wà ní Òsì kọ nípa àgbọn. Èdè rẹ̀ já geere, àmì ohùn rẹ̀ péye, kò sí ibì kankan tí ó ti sọ àgbọn di agbọ̀n tàbí agbọ́n. Ṣùgbọ́n gbólóhùn méjì nínú iṣẹ́ rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàrin wa. Èkíní ni pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni igi àgbọn ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Èkejì ni pé igi àgbọn kan ṣoṣo ní ìlú òun a máa so ọgọ́rin èso lọ́dún.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní èdè ni à ń dán wọn wò, kì í ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀, nítorí náà kí á fún ọmọ náà ní máàkì kíkún. Ẹnì kejì ní irọ́ ni irọ́ ń jẹ́, bí a tilẹ̀ fi àmì ohùn tí ó péye kọ ọ́. Èmi dákẹ́. Ìdí tí mo fi dákẹ́ ni pé èmi gan-an ni mo kọ́ ọmọ náà ní gbólóhùn méjèèjì, láti inú ìwé àkàyé kan tí mo ti ń lò fún ọdún pípẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ àgbọn, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ olùdánwò.

Orúkọ náà

Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò tíì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sí ojú pátákó rí: àgbọn tí a ń jẹ, agbọ̀n tí a fi ń ru ẹrù, agbọ́n tí í ta ni, àti àgbọ̀n tí irùngbọ̀n ń hù sí. Òun ni a fi ń fi han ọmọdé pé ohùn ni ó ni èdè wa. Ó wá yà mí lẹ́nu pé pẹ̀lú bí a ti ń lo igi yìí fún ẹ̀kọ́ tó, a kì í bi ara wa léèrè bí ó ti ṣe gba orúkọ tí ó ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn aládùúgbò wa. Àwọn Igbo ń pe àgbọn ní aki oyibo, èyíinì ni èkùrọ́ òyìnbó. Àwọn Ewe tí wọ́n wà ní Togo àti Ghana ń pè é ní yevune. Yevu ni òyìnbó, ne sì ni èso ọ̀pẹ. Orúkọ méjèèjì ń jẹ́rìí pé àlejò ni igi náà, àti pé ọwọ́ òyìnbó ni wọ́n ti rí i. Àwa náà a máa sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ó ti Amẹ́ríkà wá ni àpẹẹrẹ. Kí ni ó wá dé tí àgbọn kò fi jẹ́ "àgbọn òyìnbó" lẹ́nu wa? Ẹni tí ó bá sáré dáhùn yóò ní tiwa ni láti ilẹ̀. Èmi náà ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n igi kan wà ní ọ̀dàn tí a ń pè ní àgbọn olódù. Òun ni àwọn Haúsá ń pè ní giginya, tí àwọn onímọ̀ ewéko sì ń pè ní Borassus. Ó ga fíofío bí ọ̀pẹ, ewé rẹ̀ tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, èso rẹ̀ tóbi, ikán kì í sì í tètè jẹ igi rẹ̀, èyí ni wọ́n fi ń fi í ṣe ìtì àjà. Kò sí ẹni tí ó gbé igi yìí wá sí ilẹ̀ adúláwọ̀. Ọmọ ilẹ̀ ni. Ohun tí mo rò ni pé igi yìí ni ó kọ́kọ́ ń jẹ́ àgbọn. Nígbà tí àlejò láti etí òkun dé, tí òun náà ga, tí kò ní ẹ̀ka, tí èso rẹ̀ sì tóbi, àwọn baba wa fi orúkọ tí ó wà nílẹ̀ pè é. Nígbà tí àlejò náà di gbajúmọ̀ ju onílé lọ, onílé ni ó wá di ẹni tí a ń fi "olódù" kún orúkọ rẹ̀ kí á tó mọ èwo ni à ń wí.

Ẹnìkan lè yí ọ̀rọ̀ náà padà sí mi pé ti etí òkun ni ó ni orúkọ, tí a sì yá ti ọ̀dàn. Ìdí tí n kò fi gbà bẹ́ẹ̀ ni èdè Fọn. Àwọn Fọn ń pe ti ọ̀dàn ní agɔntin, tin ni igi, èyíinì ni igi agɔn lásán. Ti etí òkun ni wọ́n fi nǹkan kún, tí wọ́n pè ní agɔnkɛ. Lọ́dọ̀ tiwọn, onílé ṣì di orúkọ rẹ̀ mú. Èrò tèmi nìyí o, kì í ṣe òfin. Ẹ̀yin tí ẹ wà láàrin àwọn tí ń sọ Èkìtì, Ìgbómìnà àti Yàgbà, ẹ bá wa bi àwọn àgbà ohun tí wọ́n ń pe igi méjèèjì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò mú Àgbọnnìrègún, orúkọ Ọ̀rúnmìlà, wá kò mí lójú. Wọ́n á ní bí Ifá bá ti mọ àgbọn, báwo ni yóò ṣe jẹ́ igi àná? Lákọ̀ọ́kọ́, ìtumọ̀ tí a fún orúkọ náà kò dúró sójú kan. Ó lé ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Lọ́nà kejì, bí a tilẹ̀ gbà pé àgbọn wà nínú rẹ̀, èwo ni? Bí ti ọ̀dàn bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ orúkọ náà, kò sí ìjà kankan láàrin Ifá àti ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọ̀nà tí igi náà gbà dé

Ṣáájú ọdún 1499, kò sí àgbọn ní gbogbo etí òkun Àtìláńtíìkì ti ilẹ̀ adúláwọ̀. Íńdíà, àwọn erékùṣù ìhà ìlà oòrùn Éṣíà àti etí òkun ìlà oòrùn Áfíríkà ni ó wà. Lẹ́yìn tí Vasco da Gama, ará Potogí, ti yí orí ilẹ̀ Áfíríkà ká, ó kan igi náà ní Mòsáḿbíìkì ní 1498. Láàrin ọdún díẹ̀ sí ìgbà tí ó padà sílé, àwọn Potogí ti gbé e dé erékùṣù Cape Verde. Ó rọrùn láti gbé: oúnjẹ ni, omi mímu ni, kì í sì í tètè bàjẹ́ nínú ọkọ̀. Láti Cape Verde ni ó ti wọ etí òkun wa, ibẹ̀ náà ni ó sì gbà dé Puerto Rico ní 1549 àti Brazil ní 1553.

Ìwádìí ìjìnlẹ̀ tí Bee Gunn, Luc Baudouin àti Kenneth Olsen tẹ̀ jáde ní 2011 gbe ìtàn yìí lẹ́sẹ̀. Wọ́n yẹ ohun àjogúnbá inú igi àgbọn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wò, wọ́n sì rí i pé ìdílé ńlá méjì ni àgbọn ayé pín sí, ti òkun Pàsífíìkì àti ti òkun Íńdíà. Ti òkun Íńdíà ni tiwa. Gbólóhùn èkíní ọmọ wa kò dúró.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú dé Cuba, obì àbàtà ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n àgbọn pọ̀. Wọ́n wá fi àgbọn ṣe obì. Títí di òní, àwọn Lùkùmí ń da ègé àgbọn mẹ́rin láti bi òrìṣà léèrè ọ̀rọ̀, obí ni wọ́n sì ń pe àgbọn náà. Bí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ obì gan-an, wọn a ní obí kolá. Ẹ kò rí i pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ jọ ohun tí mo sọ nípa àgbọn olódù: àlejò gba orúkọ, onílé sì gba àfikún. Àwa tí a wà nílé kò fi àgbọn rọ́pò obì, nítorí pé obì kò wọ́n wa.

Ní etí òkun wa, Àgbádárìgì ni àgbọn fi ṣe ilé. Iyanrìn tí ẹ̀gẹ́ àti iṣu kò fẹ́ràn kò ní àgbọn lára. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òróró di ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọṣẹ òyìnbó ń wá kiri, inú funfun àgbọn gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní kópírà sì di ọjà. Àwọn ará Jámánì gbin àgbọn ní Kpeme ní etí òkun Togo. Ní Èkó, Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ìdánwò irúgbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́tta ní 1887. Lẹ́yìn náà ni àwọn Faransé dá ibùdó ìwádìí àgbọn sílẹ̀ ní Sèmè-Podji, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà, tí NIFOR tiwa náà sì ní ibùdó àgbọn ní Àgbádárìgì. Gbogbo orúkọ ibi tí mo dá yìí, etí òkun ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ka èso tí iye rẹ̀ wà nínú ìwé wa.

Báwo ni ó ṣe wá dé Òsì àti Ìlọ́fà, níbi tí ó lé ní igba kìlómítà sí òkun? Àgbọn tí a ń rà lọ́jà, tí wọ́n ti bó èèpo onífọ́nrán rẹ̀ kúrò, kì í sábà hù. Ó lè dé Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún kí wọ́n jẹ ẹ́ tán láìsí igi kan ṣoṣo. Èyí tí yóò di igi gbọ́dọ̀ wà nínú èèpo rẹ̀, ó wúwo, ó gba àyè nínú ẹrù. Nítorí náà, kì í ṣe pé àgbọn ṣèèṣì hù lẹ́yìn ilé ẹnikẹ́ni ní agbègbè wa. Ẹnìkan ni ó mọ̀ọ́mọ̀ rù ú wálé. Rélùwéè Èkó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà etí òkun ti súnmọ́ wa. Àwọn èèyàn wa lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, wọ́n lọ ṣòwò ní Gold Coast, àwọn tí òfin Oṣù Kọkànlá 1969 lé kúrò ní Ghana sì padà wálé. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé igi báyìí tàbí igi báyìí ni ẹni báyìí gbé wá, ṣùgbọ́n irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni kí á máa wò bí a bá ń béèrè.

Ẹ tún wo ibi tí wọ́n gbìn ín sí. Kì í ṣe oko. Ẹ̀yìn ilé ni, tàbí iwájú ọ̀ọ̀dẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, igi tí í pẹ́ láyé kì í ṣe ohun tí à ń gbìn sí ilẹ̀ onílẹ̀. A lè fún àlejò ní ilẹ̀ kí ó fi gbin iṣu àti àgbàdo, ṣùgbọ́n bí ó bá gbin obì tàbí kòkó, ọ̀rọ̀ dé. Ẹni tí ó gbin àgbọn sí ẹ̀yìn ilé ń sọ pé ilé òun nìyí, àti pé ọmọ òun ni yóò gùn ún.

Iye èso

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àpò èèyàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀. Àgbọn gíga tí ó wọ́pọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà a máa bẹ̀rẹ̀ sí í so ní nǹkan bí ọdún 6 sí 8, ó sì lè máa so fún ọdún 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní etí òkun, bí ìtọ́jú bá wà, igi kan lè so èso 40 sí 80 lọ́dún. Àgbọn kúkúrú a máa yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún 3 tàbí 4 tó fún un. Ní Port-Bouët ní Côte d'Ivoire, àwọn onímọ̀ Faransé gbé kúkúrú aláwọ̀ ìyeyè ti Malaya àti gíga tiwa pọ̀, wọ́n sì rí ọmọ tí wọ́n pè ní PB121, tí ó yára tí ó sì so dáadáa. Bí a bá fi mítà 9 sí àárín igi kan àti èkejì, tí a tò ó ní onígun mẹ́ta, igi tí yóò gba hẹ́kítà kan tó 143. Ẹni tí ó bá sọ 143 ní ọ̀nà 80 yóò sùn, yóò sì lálàá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ohun tí ìwé kì í sọ ni ohun tí igi náà ń béèrè kí ó tó so 80. Ó ń fẹ́ òjò tí ó tó 1,500 sí 2,000 mílímítà lọ́dún, ó sì ń fẹ́ kí oṣù tí òjò rẹ̀ kò tó 50 mílímítà má ju mẹ́ta lọ. Ní etí òkun, bí òjò bá tilẹ̀ dá, omi kò jìnnà sí gbòǹgbò nínú iyanrìn, afẹ́fẹ́ sì tutù. Ní ìhà gúúsù Kwara, òjò wa jẹ́ nǹkan bí 1,200 sí 1,400 mílímítà, láti Nọ̀fẹ́ńbà títí wọ Máàṣì ni ẹ̀ẹ̀rùn sì ń jọba, tí ọyẹ́ ń fẹ́ láàrin rẹ̀.

Àgbàdo lè sá fún ẹ̀ẹ̀rùn. A ó gbìn ín lójò, a ó kórè rẹ̀ lójò. Àgbọn kò lè sá. Láti ìgbà tí òdòdó bá ti la títí èso yóò fi gbó, bí oṣù 12 ni. Èyí já sí pé kò sí èso àgbọn kan ní Òsì tí kò ní la gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá lórí igi, oṣù yòówù kí ó bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni í já bọ́ ní kékeré. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti tó ọdún méjì àbọ̀ kí òdòdó tó yọ jáde tí ìdì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ nínú ọkàn igi. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀rùn líle kan kì í ba ọdún kan ṣoṣo jẹ́. Ẹ rántí ọ̀dá àti iná igbó ọdún 1983. Ẹni tí ó bá ka èso àgbọn rẹ̀ ní 1985, ọ̀dá ọdún kẹta ni ó ń kà láìmọ̀.

Lẹ́yìn àríyànjiyàn wa, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ máa ka àgbọn ilé wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọdún méjì. Kì í ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀. Àwọn mìíràn gbàgbé, ewúrẹ́ jẹ ìwé ẹnìkan. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì hàn gbangba. Kò sí ilé tí igi kan ti súnmọ́ ọgọ́rin. Igi tí ó wà níbi tí omi ilé ìwẹ̀ ń ṣàn sí, tí wọ́n ń da eérú àti ìdọ̀tí ilé ìdáná sí ìdí rẹ̀, sì so ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó dá dúró lọ dáadáa. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Omi ìwẹ̀ ń bù mu fún un nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eérú sì ní pòtáṣíọ̀mù tí àgbọn fẹ́ràn gan-an. Àwọn tí ó gbin igi náà sí ẹ̀yìn ilé nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti gbìn ín síbi tí ó ti lè yè, bí wọn kò tilẹ̀ pète bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn kan a máa da iyọ̀ sí ihò kí wọ́n tó gbin àgbọn, àwa ọ̀mọ̀wé a sì máa rẹ́rìn-ín pé wọ́n fẹ́ fi tan igi náà kí ó rò pé etí òkun ni òun wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ìwádìí, tí ti IRHO ilẹ̀ Faransé wà lára wọn, fi hàn pé kílórínì tí ó wà nínú iyọ̀ jẹ́ oúnjẹ tí àgbọn kò lè ṣe aláìní. Ìrì òkun ń fún ti Àgbádárìgì lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí ó jìnnà sí òkun ni àìní rẹ̀ ti ń pọ́n igi lójú, ní ilẹ̀ Filipí ni wọ́n sì ti ń fi iyọ̀ wọ́n ìdí àgbọn bí ẹni ń fi ajílẹ̀ wọ́n ọn. N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ti ara mi. Kí n tó mọ gbogbo èyí, mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, mo ra ọmọ àgbọn kúkúrú 60 lọ́wọ́ àwọn kan tí n kò ní í dárúkọ, mo gbìn wọ́n sí oko bàbá mi ní ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó tà á sọ fún mi pé 80 ni igi kan ń so, mo gbà á gbọ́ kíákíá, nítorí pé ohun tí èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn. Kò sọ fún mi, n kò sì béèrè, pé àgbọn kúkúrú kò lè fara da ọ̀dá tó gíga. Ẹ̀ẹ̀rùn kejì mú ìdajì wọn. Kòkòrò dúdú oníwo tí í lu ọkàn igi mú nínú èyí tí ó kù. Mẹ́rin ni ó wà lórí ìró báyìí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó sì wà létí ìṣàn omi. Owó ẹgbẹ́ ni mo san tán.

Àrùn pàápàá wà tí ó yẹ kí ẹni tí ń kó ọmọ àgbọn láti ibì kan sí ibòmíràn mọ̀. Ní Awka ní ilẹ̀ Igbo, wọ́n ti ń sọ nípa àrùn tí í rọ ewé àgbọn láti nǹkan bí 1917. Ní 1932, irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Woe, lẹ́bàá Cape St. Paul ní Ghana, ó sì run oko àgbọn lọ súà. Nítorí pé ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ àgbọn gíga wa gbà dé, ìdílé kan ni wọ́n. Ohun tí ó bá pa ọ̀kan kò ní í ṣòro fún un láti pa èkejì.

Ọ̀rọ̀ máàkì náà

A pe ọmọbìnrin náà. Mo sọ fún un pé èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tí ó kọ, àti pé ìwé tí mo lò ni ó ṣì mí lọ́nà. A fún un ní máàkì kíkún fún èdè. Ní ti kókó ọ̀rọ̀, a yọ máàkì kan fún gbólóhùn èkejì nìkan, nítorí pé ìyẹn ni ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Ti "ìgbà ìwáṣẹ̀," a kò yọ nǹkan. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a jọ ń sọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ náà. Ó bi mí bóyá òun lè kọ iye èso igi ilé àwọn sí i bí ìdánwò gan-an bá dé. Mo ní kí ó kà á ná. Ó ní ìyá àgbà òun kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èso orí igi, pé kí òun dúró kí wọ́n já bọ́. Igi náà ni ó wà lókè nínú ìwé tí a fi ń ka àgbọn ní kíláàsì wa.